Isabella Charlet-Straton: obìnrin tó gun Mont Blanc nígbà òtútù

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti jagunjagun. Ìtàn obìnrin kan ni, tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1838, tó sì kú nílẹ̀ Faransé ní 1918.

Àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ni mò ń kọ́ níṣẹ́. Lọ́dọọdún ni mo máa ń bi wọ́n pé òkè wo ló ga jù nínú àwọn òkè Alps. Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Mont Blanc ni, torí pé wọ́n ti há a sórí láti école primaire. Àwọn kan á tiẹ̀ fi iye mítà rẹ̀ kún un, pé ó lé díẹ̀ ní 4,800. Àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́kọ́ gun òkè yẹn nígbà òtútù, kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá gbìyànjú á ní ṣójà kan ni, tàbí géńdé ọkùnrin kan. Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Isabella Straton fún mi rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ká kọ́kọ́ mọ bí òkè náà ṣe rí ná. Mont Agou, tó ga jù lọ ní Tógò, 986 mítà ni. Ẹ gbé Agou márùn-ún lé ara wọn lórí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí Mont Blanc ṣe ga tó. Ó wà níbi tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Ítálì ti pààlà, ìlú Chamonix sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Apá òkè rẹ̀ kì í bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbà ooru. Òjò dídì ló ń bọ́ lé òjò dídì, títí èyí tó wà nísàlẹ̀ á fi le bí òkúta, tó di yìnyín. Yìnyín yẹn máa ń là, á sì dá kòtò jíjìn sílẹ̀, tó lè gbé odindi ilé mì. Afẹ́fẹ́ orí òkè náà fẹ́lẹ́ débi pé ohun tí èèyàn ń fà símú níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì èyí tí à ń fà símú létí òkun lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé orí rẹ̀ ni Jacques Balmat àti dókítà Michel Paccard, ará Chamonix làwọn méjèèjì. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1786 ni. Ní 1808, Marie Paradis, ọmọ-ọ̀dọ̀ ní Chamonix níbẹ̀, di obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, Henriette d'Angeville náà gun un, ní 1838, ọdún tí wọ́n bí Isabella gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbà ooru ni gbogbo wọn lọ, nígbà tí ọjọ́ gùn, tí oòrùn ń ràn, tí òtútù ò sì fi bẹ́ẹ̀ mú. Nígbà òtútù ńkọ́? Fún 90 ọdún gbáko lẹ́yìn Balmat àti Paccard, kò sẹ́ni tó dé orí rẹ̀.

Mary Isabella Straton ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, wọ́n sì fi ogún sílẹ̀ fún un, ogún tí kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní nǹkan bíi 4,000 pọ́n-ùn ló ń wọlé fún un lọ́dún, láyé tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ọlọ́rọ̀ kì í rí 50 pọ́n-ùn gbà lọ́dún. Ẹ ò rí i pé obìnrin yìí ò nílò ẹnikẹ́ni láti jẹun. Kò ní bàbá tó máa ní kó jókòó, kò ní ọkọ tó máa ní kó má lọ. Síbẹ̀, àwùjọ náà mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ irú rẹ̀: kó máa tẹ dùrù, kó máa gba àlejò, kó wá ọkọ tó bá ipò rẹ̀ mu. Ohun tó yàn kò sí nínú àwọn wọ̀nyẹn. Òkè ló yàn.

Kò dá lọ. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Emmeline Lewis Lloyd, ọmọ ilẹ̀ Wales. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn òkè Alps papọ̀. Ní 1869, wọ́n gbìyànjú láti gun Cervin, òkè tó dà bí ìwo ní ààlà Suisi àti Ítálì, wọn ò dé orí rẹ̀. Wọn ò torí ìyẹn padà sílé lọ máa rán aṣọ. Ní 1871, wọ́n dé orí Aiguille du Moine, tó ga tó 3,412 mítà, lápá Chamonix. Ẹsẹ̀ èèyàn kankan ò tíì tẹ orí òkè yẹn rí kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ rò ó wò: ní London, àwọn ọkùnrin ti dá ẹgbẹ́ àwọn agunkè sílẹ̀ láti 1857, Alpine Club, ó sì lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó gba obìnrin wọlé. Àwọn obìnrin méjì yìí ò dúró de ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ kankan.

Ẹni tó ṣáájú wọn lọ sí Aiguille du Moine ni Jean Charlet, pẹ̀lú amọ̀nà mìíràn tó ń jẹ́ Joseph Simond. Ọmọ Argentière ni Jean, abúlé kan ní àfonífojì Chamonix, ní 1840 ni wọ́n sì bí i. Iṣẹ́ amọ̀nà ló ń ṣe. Láti 1821 ni àwọn amọ̀nà Chamonix ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, ó sì ní òfin. Púpọ̀ nínú wọn, àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń sin màlúù, wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún, nígbà ooru ni wọ́n máa ń mú àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè lọ sórí òkè kí wọ́n lè rí owó tí wọ́n máa fi gbọ́ bùkátà nígbà òtútù.

Ibí yìí ni ẹ máa ti rí ohun tó wà nídìí ìtàn náà. Ní ìsàlẹ̀, ní Chamonix, Isabella ni ọ̀gá, Jean ni òṣìṣẹ́. Isabella ló ń sanwó, Jean ló ń ṣí fìlà kí i. Tí wọ́n bá ti dé orí yìnyín, ọ̀rọ̀ á yí padà. Jean ló máa sọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ sí, ìgbà tí wọ́n máa sinmi, ìgbà tí wọ́n máa padà. Owó ò mọ ibi tí kòtò wà lábẹ́ òjò dídì. Àmọ́, tí kò bá sí ẹni tó fẹ́ lọ, tó sì lè san án, àgbẹ̀ Argentière ò ní rí ìdí kankan láti gun ibi tí kò sí koríko fún màlúù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Okùn kan náà ni wọ́n so mọ́ ìbàdí, láti ọdún dé ọdún.

Nígbà tó yá, Emmeline dẹ́kun gígun àwọn òkè ńláńlá. Isabella ò dẹ́kun. Òun àti Jean ń bá a lọ.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá wọ́n lè gun òkè nígbà òtútù pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 1874, Meta Brevoort, obìnrin ará Amẹ́ríkà, àti ọmọ arábìnrin rẹ̀ Coolidge, gun Wetterhorn àti Jungfrau ní Suisi nínú òtútù. Mont Blanc, tó ga ju àwọn yẹn lọ, ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́ nìkan, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tó ń mú ká wọ aṣọ méjì, tí ètè ń là, kò tíì sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì. Lórí Mont Blanc nígbà òtútù, omi inú ìgò á di òkúta, búrẹ́dì á le débi pé àáké ni wọ́n máa fi gé e. Ojúmọ́ kì í gùn, òkùnkùn á ti bo ilẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Òjò dídì tuntun máa ń bo ẹnu kòtò bí ẹní tí wọ́n tẹ́ bo ẹnu kànga. Kò sì sí ẹlòmíràn lórí òkè tó lè wá gbà yín. Aṣọ òde òní kò sí nígbà yẹn: irun àgùntàn ni wọ́n ń wọ̀, bàtà awọ tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lábẹ́, àti okùn tó máa ń le gbagidi tó bá ti tutù.

Ìparí oṣù kìíní ọdún 1876 ni wọ́n kúrò ní Chamonix: Isabella, Jean Charlet, amọ̀nà kejì tó ń jẹ́ Sylvain Couttet, àti ẹni tó ń ru ẹrù. Ó ti ń sún mọ́ 40 ọdún nígbà náà. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n gòkè dé Grands Mulets, àpáta dúdú kan tó yọrí láàárín yìnyín bí erékùṣù, ní nǹkan bíi 3,050 mítà. Ilé kékeré kan wà lórí àpáta náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n kúrò ní Grands Mulets. Òkè bíi 1,750 mítà ló ṣì wà níwájú wọn. Tí òjò dídì bá rọ̀, ẹsẹ̀ á rì; tó bá ti di yìnyín, amọ̀nà á máa fi àáké gẹ́ ojú àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Jean ò wo ẹnu àáké lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń gòkè, òtútù ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní ó tó ìwọ̀n 24 lábẹ́ òdo. Lójú ọ̀nà, Isabella rí i pé ìka ọwọ́ òun méjì ti kú, kò mọ̀ wọ́n lára mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí òtútù bá mú ara jù, ẹ̀jẹ̀ máa ń sá kúrò ní ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kó lè lọ ṣọ́ ọkàn. Tí ìka bá pẹ́ nínú ipò yẹn, á dúdú, wọ́n á sì gé e. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dúró. Àwọn tó kọ ìtàn náà sọ pé ọtí líle àti òjò dídì ni wọ́n fi ń ra ìka náà títí ẹ̀jẹ̀ fi padà. Ẹ má fi ṣàwòkọ́ṣe o; dókítà òde òní ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi òjò dídì ra ìka tó ti dì. Àmọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ láyé ìgbà yẹn nìyẹn.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gba ìpinnu. Wọ́n lè padà. Kò sẹ́ni tó máa bú obìnrin tó padà nítorí ìka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á tiẹ̀ ní ó gbọ́n. Tí wọ́n bá sì ń lọ, tí ìka náà bá tún kú, kò ní lè di okùn mú dáadáa mọ́, àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ padà sí ìka ni wọ́n tún gbéra, òkè ni wọ́n sì dorí kọ.

Ṣóńṣó orí Mont Blanc kò rí bí orí tábìlì. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní arête ni: òjò dídì tó gùn, tó sì tín-ín-rín, bí òrùlé ilé tí páànù rẹ̀ dà sí ọ̀tún àti sí òsì. Arête des Bosses, tí ọ̀pọ̀ ń gbà débẹ̀ lóde òní, bákan náà ló rí. Níbi báyìí, kò sí àpáta tí èèyàn lè fara ti, kò sí ohun tó dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Ítálì wà lápá kan, ilẹ̀ Faransé wà lápá kejì, ibi tí èèyàn lè tẹ̀ sì wà láàárín. Àwọn amọ̀nà ní òfin kan fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ẹ jọ so okùn bá ṣubú sí ọ̀tún, ìwọ má ṣe jókòó rò ó: fò sí òsì. Okùn á kọ́ sórí òrùlé náà, ẹ̀yin méjèèjì á sì gbé ara yín ró, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá lè fò fún ẹ, má bá a so okùn.

Ọ̀sán ni wọ́n dé orí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èèyàn dúró lórí Mont Blanc nínú òtútù. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí padà sọ̀kalẹ̀, nítorí àtigòkè, ìdajì iṣẹ́ ni. Wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn láìpàdánù ẹnì kankan, ìka Isabella sì pé.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, mi ò bá má fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1876 kan náà, Isabella Straton ṣègbéyàwó pẹ̀lú Jean Charlet, amọ̀nà rẹ̀.

Kí ẹ tó ní kí ló wà níbẹ̀, ẹ rántí ayé ìgbà náà. Obìnrin olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè sanwó fún amọ̀nà, ó lè yìn ín, ó lè fún un ní ẹ̀bùn aago. Kó wá di aya rẹ̀? Ìyẹn ju Mont Blanc lọ. Àgbẹ̀ ni, ọmọ abúlé ni, ìjọ wọn ò pa pọ̀, èdè wọn ò pa pọ̀. Tí obìnrin náà bá fẹ́ ẹ, ilé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máà ṣí fún un mọ́. Ọkùnrin náà sì lè máa gbọ́ lẹ́yìn ara rẹ̀ títí ayé pé owó ló lọ fẹ́. Ọ̀tún jìn, òsì jìn. Àwọn méjèèjì sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Orúkọ wọn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn yìí wo ilé méjì. Ìyàwó gba orúkọ ọkọ, ìyẹn ò jọ wá lójú. Àmọ́ ọkọ náà gba orúkọ ìyàwó. Charlet-Straton ni wọ́n ń pe Isabella, Charlet-Straton ni wọ́n ń pe Jean, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú ìwé ìtàn títí dòní. Ẹ bi ara yín, nínú àwa ọkùnrin tí à ń ka èyí, mélòó ló máa gbà á? Èmi náà bi ara mi, mi ò sì tètè rí èsì.

Ẹni tó bá rò pé Jean di ọkọ olówó tó jókòó sílé máa ń jẹun kò mọ̀ ọ́n. Ní 1876 yẹn náà, ó dá lọ sí Petit Dru, ṣóńṣó òkúta kan tó ga tó 3,733 mítà, tó dúró ṣánṣán bí òpó. Kò dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n àtisọ̀kalẹ̀ fún un ní ọgbọ́n kan. Ó fi okùn kọ́ ara òkúta, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà ó fa ẹnu okùn kan, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ lé e bọ̀ nísàlẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní rappel lónìí nìyẹn, torí pé èèyàn ń pe okùn rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1879, ó padà sí Petit Dru pẹ̀lú Prosper Payot àti Frédéric Folliguet, àwọn mẹ́ta yìí ló sì kọ́kọ́ dé orí rẹ̀.

Argentière ni tọkọtaya náà fi ṣe ilé. Isabella ò padà lọ gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà mẹ́rin ló gun Mont Blanc láyé rẹ̀. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, Georges àti Robert, àwọn ọmọ náà sì dé orí Mont Blanc kí wọ́n tó pé ọdún 14. Isabella kú ní 1918, ó ti tó nǹkan bí ẹni 80 ọdún. Jean tẹ̀ lé e ní 1925. Nínú àwọn òkè tó yí Mont Blanc ká, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Pointe Isabella, 3,761 mítà. Òun ló ni orúkọ náà.

Ní ọdún yìí, nígbà tí kíláàsì tún dákẹ́, mo sọ ìtàn náà fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ò bi mí nípa òtútù, kò bi mí nípa ìka. Ó ní ṣé ọkọ náà ò bínú pé orúkọ ìyàwó wà lára tòun. Mo ní kó wo ìwé tó bá sọ̀rọ̀ rappel, kó wo orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀: Jean Charlet-Straton. Ọkùnrin náà kò yọ ọ́ kúrò.

Ó dìgbà kan ná.